Bí A Ṣe Ń Yan Suwíìṣì àti Bírékà fún Ilé, Ṣọ́ọ̀bù àti Ibi Ìkẹ́rùsí

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní Ajue àti ní àwọn abúlé tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo, ọ̀pọ̀ ilé ló ní ju orísun iná kan lọ lónìí. Bí iná ọba bá lọ, a ó tan jẹnẹrétọ̀. Bí epo bá wọ́n, a ó yíjú sí sólà àti bátìrì. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n bí orísun iná ṣe ń pọ̀ ni ọ̀nà tí ewu lè gbà wọlé ń pọ̀ sí i. Iná tó bẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà kan ṣoṣo lè jó kòkó tí àgbẹ̀ fi odidi ọdún ṣiṣẹ́ fún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àlàyé yìí fún ẹ̀yin ará ìlú.

Iṣẹ́ suwíìṣì yàtọ̀ sí ti bírékà. Ọwọ́ ènìyàn ni suwíìṣì ń dúró dè. Òun la fi ń tan iná, òun náà la fi ń pa á. Bírékà tàbí fíúùsì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí iná tó ń gba inú wáyà kọjá bá ju ìwọ̀n tí a yàn lọ, yóò já fúnra rẹ̀. Ohun méjì ló sábà ń fa àpọ̀jù yìí: kí a so ohun èlò púpọ̀ jù mọ́ wáyà kan, tàbí kí wáyà méjì tí kò gbọdọ̀ kan ara wọn kan ara wọn.

Àwọn kan gbà pé bírékà tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi ló dára jù. Wọn a yọ ti ámpù 10 tó ń já léraléra, wọn a fi ti 32 rọ́pò rẹ̀. Wáyà ni bírékà ń ṣọ́. Bí wáyà kò bá lè gbé ju ámpù 15 lọ láìgbóná jù, tí bírékà rẹ̀ sì jẹ́ 32, wáyà náà lè jóná nínú ògiri kí bírékà tó já. Nínú ilé, bírékà ámpù 6 tàbí 10 ni a sábà ń fi sí wáyà 1.5 tó ń lọ sí gílóòbù, a sì ń fi ti ámpù 20 sí wáyà 2.5 tó ń lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fẹ́ bírékà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà.

Láti mọ iye ámpù tí ohun èlò kan yóò gbà, ẹ fi iye fólítì pín iye wáàtì rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù aṣọ tó jẹ́ wáàtì 1,000 yóò gba ámpù 4 àti díẹ̀ lórí iná ọba, tí ó jẹ́ fólítì 230. Ṣùgbọ́n bí ínfátà bá fa wáàtì 1,000 kan náà láti inú bátìrì fólítì 12, ámpù tó lé ní 83 ni yóò gba wáyà bátìrì kọjá. Nítorí náà ni wáyà bátìrì fi gbọdọ̀ nípọn, tí fíúùsì rẹ̀ sì gbọdọ̀ wà nítòsí orí bátìrì gan-an. Fólítì 12 kì í sábà gbé ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè sun ilé.

Sólà tún ní ọ̀ràn tirẹ̀. Iná ọba àti ti jẹnẹrétọ̀ a máa lọ, a máa bọ̀, débi pé ó ń kan òdo ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pa suwíìṣì rẹ̀, iná kékeré tó ń ta pàrà láàárín irin méjèèjì yóò tètè kú. Iná páńẹ́ẹ̀lì àti ti bátìrì ń lọ tààrà láìdúró, nítorí náà iná kékeré yìí lè máa jó títí tí yóò fi yọ́ suwíìṣì. Bírékà tí a kọ DC sí lára ni kí ẹ rà fún wọn. Kí fólítì tí a kọ sí i má ṣe kéré sí ti àpapọ̀ páńẹ́ẹ̀lì tí ẹ so pọ̀.

Níbi tí iná ọba àti jẹnẹrétọ̀ bá ti pàdé, ṣéńjíófà gbọdọ̀ wà. Orísun kan ṣoṣo ni ó ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fi wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láìlo ṣéńjíófà ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu, nítorí iná náà lè gba míta jáde sórí òpó, kí tiransífọ́mà sì sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì. Òṣìṣẹ́ tó gun òpó, tó rò pé iná ti lọ, ni yóò gbé.

Ẹ rántí pé iná tó tó pa ènìyàn kò tó já bírékà lásán. Irú bírékà mìíràn wà tí a kọ 30mA sí lára, tí ń já bí iná bá ń jò gba ara ènìyàn kọjá. Ó wúlò púpọ̀ níbi tí omi wà, bíi balùwẹ̀ àti ibi ẹ̀rọ tó ń fa omi.

Bí bírékà bá já, ẹ yọ àwọn ohun èlò kúrò, kí ẹ dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tún já, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ má ṣe fi wáyà lásán rọ́pò fíúùsì láé. Àjọ NEMSA ti ìjọba àpapọ̀ ló ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ béèrè rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń ra ohun èlò tí a ṣe ní Nàìjíríà, yálà ní Orè tàbí ní Oǹdó, ẹ wo àmì MANCAP ti àjọ SON lára rẹ̀.

Owó bírékà tó yẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àpò kòkó kan. A rọ gbogbo onílé, oníṣọ́ọ̀bù àti àgbẹ̀ pé kí wọ́n yẹ àpótí iná wọn wò kí wọ́n tó kó ìkórè tuntun wọlé.