Ajá Kékeré Wa Tó Ń Béèrè Pé Ta Nìyẹn

Ajá wa gbó lóru ọjọ́ náà, mo sì gbọ́ ọ. Aago méjì kọjá díẹ̀ ni, nínú oṣù kọkànlá ọdún 2022, òtútù sì mú gan-an. Ohun tí mo ṣe ni pé mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Pa ẹnu ẹ mọ́ ńbẹ̀ yẹn, olóríburúkú ajá!" Ó gbó díẹ̀ sí i, ó dákẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí mo fẹ́ẹ́ lọ síbi iṣẹ́, mo rí i pé wọ́n ti já àgádágodo ṣẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Dírìlì mi méjèèjì, ayùn oníná, àpótí irinṣẹ́ tí mo ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe nílùú Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ẹni tó bá kó irinṣẹ́ káfíńtà lọ, oúnjẹ ọmọ ẹ̀ ló kó lọ yẹn.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà lókè òkun bíi tiwa, ìdí tí mo fi ń sọ ìtìjú ara mi síta ni pé àwọn èèyàn wa máa ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá bóyá ó yẹ káwọn náà gba ajá kékeré sílé nítorí olè. Ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ajá kékeré ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìdajì iṣẹ́ ni tiẹ̀. Ìdajì tó kù, ọwọ́ onílé ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2021, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Sátidé kan. Nígbà tá a máa fi dé, wọ́n ti fọ́ fèrèsé kíṣìnnì wa ní Thamesmead. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, wọ́n sì kó góòlù tí màmá ìyàwó mi rà fún un nígbà ìgbéyàwó wa. Ọlọ́pàá wá, wọ́n kọ nọ́ńbà kan sórí bébà fún wa, ó parí síbẹ̀. Ìyàwó mi ò sùn dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe owó góòlù yẹn ló ń dùn ún, bí kò ṣe pé ọwọ́ àjèjì ti wọ inú àpótí aṣọ ẹ̀.

A bá ra álámù ẹ̀rọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó ké, gbogbo àdúgbò ló yọjú. Àmọ́ nígbà tó yá, bí aláǹtakùn bá rìn kọjá lójú ẹ̀, á ké. Bí àwọn ọmọ bá gbàgbé nọ́ńbà tí wọ́n máa tẹ̀, á ké. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kò sẹ́ni tó ń yọjú wò ó mọ́.

Ọkùnrin ọmọ Ireland kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi pé kí n lọ gba ajá kékeré. Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa ní Èkó, ajá Jámánì ńlá tí eyín ẹ̀ ń kọ mọ̀nà ni wọ́n ń so mọ́ gééètì, tí wọ́n á sì kọ ọ́ síta pé kẹ́ni tó ń bọ̀ ṣọ́ra. Mo ní, "Ajá tí mo lè fi sápò kóòtù, kí ló fẹ́ẹ́ fi olè ṣe?" Ó wò mí, ó ní, "Ṣé o fẹ́ kó bá olè jà ni, àbí o fẹ́ kó jí ẹ?" N ò rí èsì fún un.

Nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Irú ajá tí wọ́n ń pè ní Jack Russell, orúkọ àlùfáà kan ló ń jẹ́, John Russell, tó gbé ní agbègbè Devon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì kú lọ́dún 1883. Ọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni àlùfáà yìí fẹ́ràn. Ó ń sin ajá tó kéré débi tó lè wọ ihò tẹ̀ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kó máa gbó mọ́ ọn níbẹ̀ títí tó fi máa jáde síta. Kì í ṣe pípa ló rán an, ẹnu ló ní kó lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Lhasa Apso, ajá onírun gígùn tó wá láti Tibet. Ajá ràbàtà ló ń ṣọ́ ìta níbẹ̀. Inú ilé ni èyí kékeré máa ń wà, tó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ àjèjì, á figbe ta. Ẹ rí i pé kì í ṣe àìlójútì ló ń mú ajá kékeré gbó. Iṣẹ́ ìdílé ẹ̀ ni.

Etí ẹ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Ohun tí etí ọmọ èèyàn lè gbọ́ ò kọjá nǹkan bíi 20,000 Hertz, ti ajá lè tó 45,000. Lọ́dún 2012, àwọn olùwádìí Yunifásítì North Carolina tó wà ní Charlotte, l'Amẹ́ríkà, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Àwọn afọ́lé 422 tó wà lẹ́wọ̀n ní ìpínlẹ̀ North Carolina, Kentucky àti Ohio ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́wọ́ pé káwọn tó wọlé onílé, àwọn máa ń wò ó bóyá álámù wà ńbẹ̀, bóyá èèyàn wà nílé, bóyá ajá wà. Olè ò fẹ́ ariwo. Bí ajá náà ṣe tóbi tó kọ́ ló ń bà á lẹ́rù, ẹni tí ajá náà máa jí ló ń bà á lẹ́rù.

Bá a ṣe lọ sílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá tí ò ní olówó nìyẹn, nínú oṣù kẹrin ọdún 2022. Wọ́n fún wa ní Jack Russell alámùlùmálà kan tí etí ẹ̀ kan dúró, tí èkejì tẹ̀. Màmá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ọkọ ọmọ mi, ṣé ajá lèyí àbí òkété?" Nígbà tí wọ́n tún gbọ́ pé inú ilé ló máa sùn, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. L'Ọ́yọ̀ọ́, ìta ni ajá ń sùn.

Àwọn ọmọ ní Biscuit làwọn máa sọ ọ́. Màmá ní rárá o, pé láyé àtijọ́, ẹni tó bá ní ajá máa ń fún un lórúkọ tó ń sọ̀rọ̀, kí aládùúgbò tó ń gbọ́ ọ lè fọgbọ́n mú tiẹ̀ ńbẹ̀. Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ fẹ́ kó máa béèrè, ẹ sọ ọ́ ní Tanìyẹn." Orúkọ náà mọ́ ọn lórí. Àwọn ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ níléèwé ń pè é ní Tani.

Ibi tá a ti ṣìṣe rèé. A rò pé tí ajá bá ti wọlé, iṣẹ́ ti parí. Tanìyẹn gbó mọ́ pósítímáànì, ó gbó mọ́ bọ́ọ̀sì, ó gbó mọ́ gèlè Màmá lọ́jọ́ Sunday. Ìyá àgbà òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kan ilẹ̀kùn, wọ́n fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wa pé táriwo yẹn ò bá dáwọ́ dúró, àwọn á kọ̀wé sí káńsù. Wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òfin àyíká tọdún 1990, Environmental Protection Act, fún káńsù lágbára láti fún èèyàn níwèé pé kó dá ariwo ajá dúró, tí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè di ọ̀rọ̀ kóòtù. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, bí Tanìyẹn bá ti lanu, èmi náà á pariwo mọ́ ọn. Bá a ṣe wà nìyẹn títí di òru tí wọ́n kó irinṣẹ́ mi. Álámù ẹ̀rọ tó ń ké lásán àti ajá tó ń gbó lásán, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ló ń kọ́ onílé láti di odi.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn la wá obìnrin kan tó máa ń kọ́ ajá níwà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Kì í ṣe ajá yín ni mo wá kọ́, ẹ̀yin gan-an ni." Ó ní tá a bá ń pariwo mọ́ ọn, ńṣe ló máa rò pé à ń bá òun gbó ni. Ó ní tó bá ti gbó, kẹ́nì kan dìde, kó lọ bá a, kó wo ohun tó ń wò. Tí kò bá sí nǹkan, kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ó tó." Tó bá ti dákẹ́, kó fún un ní ẹran tí ò ju èékánná lọ. Ó ní ká lẹ ike funfun mọ́ ìsàlẹ̀ fèrèsé tó kọjú sí títì, kó yéé wo gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ó tún ní ká máa mú un rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí ajá tí ò rí nǹkan ṣe látàárọ̀, ariwo ló máa fi ṣiṣẹ́ ṣe.

Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ, gbogbo wa la ń sọ pé "Ó tó." Ó gbà wá tó oṣù méjì. Nígbà tó yá, tí pósítímáànì bá dé, Tanìyẹn á gbó lẹ́ẹ̀mejì, á wo ojú wa, á dákẹ́. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìyàtọ̀ ohùn ẹ̀.

Màmá padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Tuesday kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 2023, Màmá àti àbíkẹ́yìn wa nìkan ló wà nílé. Nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n tẹ bẹ́ẹ̀lì. Màmá ò dáhùn, torí a ti kìlọ̀ fún wọn. Tanìyẹn gbó lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Kò pẹ́ ló fò dìde, ó sáré lọ sí kíṣìnnì, ohùn ẹ̀ yí padà, irun ẹ̀yìn ẹ̀ dìde. Màmá ní, "Ó tó!" Kò gbà. Màmá tún ní, "Mo ní ó tó!" Kò gbà. Ni Màmá bá ṣe bí wọ́n ṣe ń rí wa tá à ń ṣe, wọ́n dìde lọ wò ó. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò bíi tàwọn òṣìṣẹ́ ojú títì wà lẹ́yìnkùlé wa, ọwọ́ ẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn kíṣìnnì.

Màmá figbe ta, "Olè o! Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?" Ajá rò pé òun ni wọ́n ń pè, ló bá tún fi kún un. Ìyá àgbà òyìnbó tó fẹ́ẹ́ fẹjọ́ wa sun káńsù ṣí fèrèsé, wọ́n ké pé àwọn ti pe ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà fo fẹ́ǹsì, ó sá lọ. Nígbà tí mo délé, Màmá jókòó sórí àga, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, Tanìyẹn wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ fún un lẹ́ran." Èmi náà ò jiyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba tiyín, ẹ gbọ́ èyí. Ajá kì í ṣe ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa so mọ́ ògiri. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, láti ọdún 2016 ló ti jẹ́ dandan kí microchip wà lára ajá, àdírẹ́sì yín sì gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ẹ̀ tẹ́ ẹ bá mú un jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọmọ ajá, ẹ rí i pẹ̀lú ìyá ẹ̀ níbi tí wọ́n bí i sí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, òfin England ò gba alágbàtà láyè láti máa ta ọmọ ajá tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹ má sì rò pé torí ó kéré, òfin ajá eléwu tọdún 1991 ò kàn án. Gbogbo ajá ló kàn, láti ọdún 2014 ló sì ti dénú ilé àti gáádìnì yín. Tó bá bu pósítímáànì jẹ, ẹ̀yin lẹ máa lọ ṣàlàyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹ béèrè òfin ìlú tiyín. Tó bá jẹ́ ilé àyágbé, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù.

Oúnjẹ tún ńkọ́? Àlùbọ́sà, aáyù, ṣokoléètì àti èso àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ, májèlé ni wọ́n fún ajá. Egungun tá a ti sè máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, ó sì lè gún un nífun. Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ wá, wọ́n fi àánú bu egungun inú ọbẹ̀ ata fún un, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko la sùn sí. Kò sí NHS fún ajá o, àpò ara wa la fi san án.

Tó bá jẹ́ pé láti àárọ̀ dalẹ́ ni gbogbo yín ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ajá. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún wa ni pé ká má fi í sílẹ̀ lóun nìkan ju bíi wákàtí 4 lọ. Ẹ má sì torí ajá yọ àgádágodo kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ajá ò lè pe ọlọ́pàá, ó kàn lè pe èèyàn ni. Tí onílé ò bá dìde, tí àárín onílé àti aládùúgbò ò sì dán mọ́rán, ta ló fẹ́ẹ́ dá a lóhùn?

Màmá ti padà s'Ọ́yọ̀ọ́ báyìí. Tí wọ́n bá pè wá lọ́jọ́ Sunday, wọn á béèrè àwọn ọmọ, wọn á béèrè iṣẹ́, lẹ́yìn náà wọn á ní, "Tanìyẹn ńkọ́?" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbó lẹ́ẹ̀mejì ní aago mẹ́rin ìdájí. Mo dìde, mo wojú fèrèsé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ló ń tú ilé ìdọ̀tí wa. Mo sọ fún un pé ó tó, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo padà lọ sùn.