Bí Tíṣà Bá Ń Lọ sí Òkèèrè, Kí Ni Aya Rẹ̀ Yóò Máa Ṣe?

Àwọn tíṣà wa ń lọ kọ́ni ní ilẹ̀ òkèèrè, ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbáyé. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ tíṣà, ọ̀ràn náà rọrùn díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni tíṣà nínú wọn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń wí. Ní 1924 ni wọ́n dá ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìlú Geneva, fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá. Òbí tí ń ṣí láti ìlú dé ìlú fẹ́ ẹ̀kọ́ tí kò ní já lójú ọ̀nà fún ọmọ rẹ̀. Àwa náà ní tiwa: ní 1963 ni a dá International School sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lónìí, irú wọn pọ̀ ní Dubai, ní Ṣáínà, àti káàkiri ayé.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gba tíṣà láti òkèèrè sábà máa ń fún un ní ilé tàbí owó ilé, owó ọkọ̀ òfúrufú, àti ìbánigbófò ìlera. Bí ó bá gba tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ tíṣà, ilé kan ni yóò fún òṣìṣẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń kọ́ni, owó ẹni méjì ni yóò ná sórí òṣìṣẹ́ kan. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sanwó ti tíṣà nìkan. Ẹni tí kò bá béèrè, ó di ìgbà tí ó bá débẹ̀ kí ó tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi tíṣà ìṣirò kan ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. A ó pè é ní Bàbá Dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì ni aya rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Dubai kọ̀wé pè é, ayọ̀ sì gba ilé kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, aya rẹ̀ ní, “Bàbá Dúpẹ́, ìwé tí ẹ gbà yìí dára. Ṣùgbọ́n orúkọ tèmi dà nínú rẹ̀?” Ọkọ dáhùn pé, “Ìyá Dúpẹ́, ṣebí aya mi ni ọ́? Ibi tí mo bá wà ni ìwọ náà yóò wà.” Ìdáhùn ìfẹ́ ni èyí, ṣùgbọ́n aṣọ́bodè kì í ka ìfẹ́, ìwé ni ó ń kà.

Kí wá ni kí wọ́n wádìí? Èkíní ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ìdána tí a ṣe níwájú ẹbí, pẹ̀lú obì àti ataare, ìgbéyàwó gidi ni lójú wa, ṣùgbọ́n ìwé ni wọn yóò béèrè lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò bá ní in, kí ó lọ ṣe ti rẹ́jísírì. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ní Abuja yóò fi òǹtẹ̀ lù ú, ilé aṣojú UAE, orílẹ̀-èdè tí Dubai wà nínú rẹ̀, yóò sì lu tirẹ̀.

Èkejì ni owó oṣù. Ní UAE, ọkọ kò lè mú aya rẹ̀ wá gbé bí owó oṣù rẹ̀ kò bá tó 4,000 dirham, tàbí 3,000 pẹ̀lú ilé. Ìwé ìgbélùú aya so mọ́ ti ọkọ: bí iṣẹ́ ọkọ bá bọ́, ti aya náà kò ní pẹ́ bọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìlera. Òfin Dubai ti 2013 ní kí agbanisíṣẹ́ san ìbánigbófò òṣìṣẹ́, kí ẹni tí ó mú ẹbí wá sì san ti ẹbí rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá kọ ti aya sínú àdéhùn, àpò Bàbá Dúpẹ́ ni yóò ti jáde.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù: ǹjẹ́ aya lè ṣiṣẹ́? Ní UAE, ó lè ṣe é, bí ẹni tí ó fẹ́ gbà á bá gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ tún gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlera Dubai, ìdánwò sì wà níbẹ̀. Ti Ṣáínà yàtọ̀. Físà tí ẹbí òṣìṣẹ́ fi ń lọ gbé níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní S1, kò fún un láyè láti gba iṣẹ́. Òfin a sì tún máa yí padà. Ní 2022, UAE dá físà dúró fún àwa ọmọ Nàìjíríà, ó di 2024 kí wọ́n tó kéde pé àwọn yóò tún máa fún wa. Nítorí náà, òfin ti òní ni kí ẹ béèrè.

Ẹ rò ó wò. Obìnrin tí ó ti ń gba owó oṣù tirẹ̀, tí ó ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ṣàdédé kò ní ibi tí yóò jí lọ. Ọkọ ti rí ẹlẹgbẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, aya sì jókòó nínú yàrá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nígbà tí ooru ìta kọjá ìwọ̀n 40. Bí ọkọ bá dé tí ó ní, “Kí ni o ti ń ṣe láti àárọ̀?” ọ̀rọ̀ náà lè gún un ju ọ̀bẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ aya ni tíṣà, tí ọkọ jókòó sílé, ó tilẹ̀ lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹnu ará ilé.

Kí ni Bàbá Dúpẹ́ wá ṣe? Kò tíì fọwọ́ sí ìwé. Ó kọ̀wé béèrè ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò san fún aya rẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò san owó ọkọ̀ òfúrufú, ṣùgbọ́n àwọn kò ní san ìbánigbófò. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ṣírò rẹ̀. Wọ́n fi ẹnu kò pé kí ọkọ ṣáájú lọ ní oṣù kẹjọ, kí aya dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ títí yóò fi ṣe ìdánwò ti Dubai, kí ó sì tẹ̀ lé e ní Kérésìmesì. Wọ́n ya owó kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù tí yóò jẹ́ ti aya, títí yóò fi ríṣẹ́. Wọ́n tún tọ́jú owó ọkọ̀ tí wọn yóò fi padà wálé, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má re ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ìwé tí ó pe ẹnì kan, ẹni méjì ni kí ó kà á. Ó dìgbà kan ná o.