Ìbáramu Olùwà àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe nínú Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: Àmúlò Gírámà Yorùbá fún Ìkọ́ni

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá láti ilé kì í wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ òfo. Ó ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹnì kan àti ènìyàn púpọ̀, ó mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan yàtọ̀ sí ohun tí a ṣe, ó sì ń lo ìmọ̀ náà lójoojúmọ́ láìronú. Síbẹ̀, bí ó bá kọ *"The boy go to school" tàbí *"The children is playing" sínú ìwé rẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé Yorùbá ti ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́, tàbí pé olódo ni. Olùkọ́ yóò fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ àtúnṣe sílẹ̀, àṣìṣe kan náà yóò sì tún jẹ yọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Àmì ìràwọ̀ tí a fi síwájú gbólóhùn nínú iṣẹ́ yìí ń tọ́ka sí i pé gbólóhùn náà kò bá òfin Gẹ̀ẹ́sì mu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a lè fojú kékeré wò. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà ni ó ń béèrè kí ènìyàn yege nínú Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó gbà á wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ni yóò sì di olùkọ́ tí yóò máa kọ gbólóhùn sójú pátákó fún àwọn ọmọdé. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé àṣìṣe ìbáramu kì í ṣe ẹ̀rí pé gírámà Yorùbá kò pé. Ibi tí Yorùbá ń fi iye hàn sí ni ó yàtọ̀ sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi í hàn sí. Olùkọ́ tí ó bá ti inú Yorùbá bẹ̀rẹ̀ àlàyé rẹ̀ lè tọ́ka sí ojúkò ìṣòro náà gan-an.

Ìfihàn iye nínú Yorùbá

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

1 (a) Ọmọ náà ra ìwé.
  (b) Àwọn ọmọ náà ra ìwé.
  (d) Ọmọ mẹ́ta ra ìwé.

Olùwà 1(a) jẹ́ ẹyọ. Ti 1(b) àti 1(d) jẹ́ ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe "ra" kò yí padà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀-orúkọ "ọmọ" pàápàá kò yí padà. "Àwọn" ni ó fi ọ̀pọ̀ hàn nínú 1(b), ọ̀rọ̀ òǹkà "mẹ́ta" ni ó sì ṣe é nínú 1(d). Bákan náà ni a ní "ìwé yìí" àti "ìwé wọ̀nyí", "ilé ńlá" àti "ilé ńlá ńlá". Inú àpólà orúkọ ni iṣẹ́ ìfihàn iye ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ń parí sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe kì í bá wọn dá sí i.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni iye ti hàn gbangba jù lọ. Bí a bá ní "mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ", olùwà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n "lọ" kò kúrò ní "lọ". Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé lára "ó" àti "wọ́n" ni a ó ti rí irinṣẹ́ tí a ó lò níwájú.

Ìbáramu nínú Gẹ̀ẹ́sì

Ní Gẹ̀ẹ́sì, olùwà a máa fi àmì sára ọ̀rọ̀-ìṣe. A ní "I go, you go, we go, they go", ṣùgbọ́n bí olùwà bá jẹ́ ẹni kẹta ẹyọ, "he goes" ni a ó wí. Láyé àtijọ́, irú àmì bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju báyìí lọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ṣáájú 1066, ẹni kìíní, ẹni kejì àti ẹni kẹta ẹyọ ni ó ní àfòmọ́ ìparí tiwọn, ọ̀pọ̀ náà sì ní tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn wọlẹ̀. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ṣì ń lo "goeth" níbi tí àwọn ènìyàn ń lo "goes" lónìí. Àfòmọ́ "s" tí ó ti ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni ó gba ipò "eth". Nítorí náà, "s" yìí ni àfòmọ́ kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ kù fún ìbáramu. "Be" nìkan ni ó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ: "am, is, are, was, were".

Ohun méjì ni ó yẹ kí olùkọ́ là yé akẹ́kọ̀ọ́ ní kíákíá. Èkíní ni pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni "s" ń ṣe:

2 (a) The girl sings.
  (b) The girls sing.

Lára ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀pọ̀ ni "s" ń fi hàn. Lára ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹyọ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé "s" túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ yóò rò pé *"The girls sings" ni ìbáramu, nítorí pé "s" wà ní ọ̀tún àti ní òsì. Kì í ṣe pé kò ronú; àlàyé tí a ṣe fún un ni kò pé.

Èkejì ni pé ìbáramu kì í hàn níbi gbogbo. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti kọjá, "The boy went" àti "The boys went" kò yàtọ̀. "Was" àti "were" nìkan ni ó yàtọ̀. Lẹ́yìn "can, will, must, should", ọ̀rọ̀-ìṣe kì í gba àfòmọ́: "He can go" ni a ń wí, kì í ṣe *"He can goes". Bẹ́ẹ̀ náà ni "Does he go?", nítorí pé "does" ti gbé àmì náà tán.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wá

Ní 1957, Robert Lado gbé àbá kalẹ̀ pé ibi tí èdè abínibí bá ti yàtọ̀ sí èdè àkọ́kúntẹni ni ìṣòro ti máa ń pọ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ náà tán. S. Pit Corder fi hàn ní 1967 pé àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ a máa jẹ́ ẹ̀rí pé ó ń wá òfin kiri. Ní 1973, Roger Brown sọ nípa àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn pé "s" ara ọ̀rọ̀-ìṣe wà lára àwọn àfòmọ́ tí wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lò. Bí ó bá pẹ́ kí ọmọ onílé tó mọ yàrá náà, kò yẹ kí a fi àlejò tí ó ṣìnà ṣẹ̀sín.

Yàtọ̀ sí pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà, ìró tún ń dá kún ìṣòro yìí. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, kọ́ńsónáǹtì kì í sì í ṣùpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí "bus" fi di "bọ́ọ̀sì" tí "bread" sì di "búrẹ́dì". Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ni ó tò tẹ̀ léra ní ìparí "asks" àti "helps". Akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ òfin dájú kí ẹnu rẹ̀ ṣì gbé "s" mì, ohun tí kò bá sì ti ẹnu jáde kì í tètè dé inú ìwé.

Ọ̀wọ̀ náà ń kó ipa tirẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa yóò sọ pé, "Bàbá mi ti dé, wọ́n ń jẹun." Ẹnì kan ni bàbá, ṣùgbọ́n arọ́pò-orúkọ ọ̀pọ̀ ni ọ̀wọ̀ gbà. Bí ó bá gbé èyí wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, yóò wí pé *"My father are eating". Ó dára kí olùkọ́ sọ fún un pé "he is" kì í ṣe àfojúdi, àti pé Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti rìn ní ọ̀nà yìí rí. "Thou" ni wọ́n ń pe ẹnì kan, "ye" àti "you" sì wà fún ọ̀pọ̀. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá, lábẹ́ ipa èdè Faransé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan, títí tí "thou" fi kúrò nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ìdí nìyí tí a fi ń wí fún ẹnì kan ṣoṣo pé "you are". "Are" yẹn jẹ́ ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú ọ̀wọ̀ àtijọ́.

Ní ìkẹyìn, ojú tí èdè méjèèjì fi ń wo nǹkan yàtọ̀. Kọ́ńgò kan náà ni a fi ń wọn ẹ̀wà àti ìrẹsì lọ́jà. A sì ń wí pé ẹ̀wà ti jinná, ìrẹsì ti jinná. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "The beans are cooked", ṣùgbọ́n "The rice is cooked". Ṣòkòtò kan ya, "The trousers are torn". Ìròyìn dára, "The news is good", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé "news" fi "s" parí.

Ìdánwò "ó" àti "wọ́n"

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àmọ̀ràn tiwa ni pé kí olùkọ́ lo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó béèrè "ta ni?" tàbí "kí ni?" láti wá olùwà. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi "ó" tàbí "wọ́n" rọ́pò gbogbo àpólà náà. Bí "ó" bá wọlé, "is, has, does" tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gba "s" ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́. Bí "wọ́n" bá wọlé, "are, have, do" tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò gba "s" ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

3 (a) Iye owó àwọn iṣu náà pọ̀.
  (b) Ó pọ̀.
  (d) The price of the yams is high.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ *"The price of the yams are high" ń jẹ́ kí "yams" tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tan òun jẹ. Kí ni ó pọ̀? Iye owó ni, kì í ṣe iṣu. Nínú Yorùbá, orí àpólà orúkọ ni ó sábà máa ń ṣíwájú ẹ̀yán rẹ̀, nítorí náà kò ṣòro fún un láti rí i. Ìdánwò yìí kan náà yóò yanjú "One of the pupils is absent": ọ̀kan ni kò wá.

Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí ní ààlà, ó sì yẹ kí a sọ wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, bí "wọ́n" bá jẹ́ ti ọ̀wọ̀, kí ó ka iye ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan, "is" ni. Lẹ́yìn náà, a lè fi "wọ́n" rọ́pò "gbogbo ènìyàn", ṣùgbọ́n "everybody, everyone, each" àti "every" ń bá ẹyọ rìn: "Everybody is here". Bákan náà, "àti" àti "pẹ̀lú" lè so ọ̀rọ̀-orúkọ méjì pọ̀ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ya iṣẹ́ wọn sọ́tọ̀. "The teacher and the pupils are here" ni a ń wí, àmọ́ "The teacher, together with the pupils, is here" ni òfin ìwé fẹ́, nítorí pé olùkọ́ nìkan ni olùwà. Bí ó bá sì jẹ́ "Either the teacher or the pupils", èyí tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ni a sábà máa ń tẹ̀ lé: "have come". Àwọn orúkọ bí "ẹ̀wà" àti "ṣòkòtò" kò ní ọ̀nà àbùjá. Kíkọ́ ni a ó kọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti ọ̀rọ̀ bí "government" àti "team", àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń lo ẹyọ, nígbà tí àwọn ará Ìlú Ọba a máa lo ẹyọ tàbí ọ̀pọ̀. Kí olùkọ́ má ṣe fagi lé èyíkéyìí nínú méjèèjì, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ti da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì nínú gbólóhùn kan.

Fún ìṣòro ìró, kí kíláàsì máa ka gbólóhùn jáde ní ohùn rara, "he ask" àti "he asks" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, títí tí etí yóò fi mọ ìyàtọ̀ náà.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé Yorùbá ń parí ọ̀rọ̀ iye sínú àpólà orúkọ, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ dé ara ọ̀rọ̀-ìṣe. A tún rí i pé ìró, ọ̀wọ̀ àti ojú ìwòye wà lára ohun tí ń fa àṣìṣe. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ó sọ pé kí a lé Yorùbá jáde kúrò nínú kíláàsì. Nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún rí *"The boy go" nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ fi bírò pupa sílẹ̀ ná. Ẹ bi í léèrè pé, "Ó ni àbí wọ́n?" Ìdáhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀ láti ilé.