Ta ni ó ni Orin Hip-hop?

Nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ orin hip-hop ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan kì í ṣàì jẹyọ: ǹjẹ́ ó tọ́ kí aláwọ̀ funfun máa fi orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ jẹun? Àwọn kan ní olè jíjà ni. Àwọn mìíràn ní orin kò ní ààlà. Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a wo orísun rẹ̀.

Àdúgbò Bronx, ní ìlú New York, ni a bí hip-hop sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù August, ọdún 1973, DJ Kool Herc, ọmọ Jamaica, lu àwo níbi àríyá tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó ń gbé àwo kan náà méjì sórí ẹ̀rọ giramafóònù méjì, kí ibi tí ìlù nìkan ti ń dún má baà tètè tán mọ́ àwọn oníjó lẹ́sẹ̀. Ọmọ tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó ń dun àwọn onílé ni ẹni tí ó kọ́kọ́ kórè. Àwo ńlá hip-hop àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1987, ti Beastie Boys ni, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun mẹ́ta. Ní ọdún 1990, orin Vanilla Ice, aláwọ̀ funfun pẹ̀lú, dé ipò tí orin dúdú oníhip-hop kankan kò tíì dé rí.

Síbẹ̀, ìdájọ́ àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Beastie Boys bá àwọn ọ̀gá bí Run-D.M.C. rìn, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ lójú wọn. Nígbà tí a bu ọlá fún wọn ní ọdún 2012, Chuck D àti LL Cool J, dúdú méjèèjì, ni ó sọ̀rọ̀ ìyìn wọn. Ṣùgbọ́n ní ti Vanilla Ice, a rí i pé irọ́ wà nínú ìtàn ìgbésí ayé tí a tẹ̀ jáde nípa rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní, yàtọ̀ sí orin, ó tún yá ìyà tí kò jẹ.

Àwọn baba wa sọ pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Ǹjẹ́ ìbà nìkan tó bí? Ní ọdún 2014, Macklemore àti Ryan Lewis gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo rap tí ó dára jù lọ, Kendrick Lamar kò sì gbà á. Macklemore kọ̀wé sí Kendrick pé òun ni ẹ̀bùn náà tọ́ sí, ó sì fi ìwé náà han gbogbo ayé. Ìbà ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn náà kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á.

Nítorí náà, lójú tèmi, àwọ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Kí olórin kọ́ṣẹ́, kí ó má purọ́, kí ó sì dárúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ẹrù tirẹ̀ nìyẹn. Ẹrù tí ó wúwo jù wà lórí àwọn tí ń pín ìkórè: àwọn ilé iṣẹ́ àwo, àwọn ilé rédíò àti àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀bùn. Bí wọn kò bá wá ẹni tí ó gbin oko kàn, ìbà ẹnu lásán kò lè yó ẹni tí ebi ń pa.