Ìbọn àlòkù: èyí tí kò dún kọ́ ló léwu jù!

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Bí òwe yìí ṣe kan ẹni tí wọ́n na ìbọn sí, bẹ́ẹ̀ náà ló kan ẹni tó di ìdí ìbọn mú, pàápàá tó bá jẹ́ ṣakabùlà àlòkù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ni kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn tuntun. Ẹlòmíì jogún ti bàbá rẹ̀, ẹlòmíì sì rà á lọ́wọ́ àgbà ọdẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé igbó mọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ti fi Àmọ̀tẹ́kùn lọ́lẹ̀, tí àwọn ọdẹ sì wà lára àwọn tó ń ṣọ́ igbó àti ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ìbọn tó dára kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ nìkan mọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìbọn tó kọ̀ tí kò dún nìkan ló máa ń tètè gbé ọdẹ dé ilé àgbẹ̀dẹ. Ó tọ ẹran lọ títí, ó fa ìbọn, ó gbọ́ 'kà', ẹran sì ti bẹ́ lu igbó. Inú á bí i, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n ìbọn tó ń dún nígbà tí ẹnì kankan kò fà á, tàbí èyí tí ọ̀pá rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ọdẹ á máa gbé e káàkiri, nítorí ó ń pa ẹran fún un. Àwọn méjì yìí ló ń gé èèyàn níka, tó ń fọ́ni lójú, tó sì ń sọ ọ̀rẹ́ di òkú nínú igbó.

Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohunkóhun lára ìbọn tí wọ́n bá gbé wá. Ohun tó máa ń bi ọdẹ ni pé, "Ṣé ẹ̀tù wà nínú ẹ̀?" Bí ọdẹ bá tilẹ̀ dáhùn pé, "Rárá, bàbá," kò ní gbà á gbọ́. Á ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ẹ̀tù bọ ẹnu ìbọn títí yóò fi dúró, á sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dé, á fà á yọ, á sì gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìbọn níta. Bí ọ̀pá náà kò bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà nínú ìbọn yẹn. Nítorí ẹnu ni wọ́n ti ń ki ṣakabùlà, kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣí ìdí rẹ̀ wò. Ọ̀pá nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn náà ló kan ibi tí àrùn wà. Nínú ìbọn tó ń lo kápù, òòlù kékeré kan wà tí ọdẹ ń fà sẹ́yìn. Sípíríǹgì ló ń tì í síwájú. Eyín kan tí wọ́n gé sára irin tó gbé òòlù náà dúró ló ń há mọ́ irin mìíràn, kó má baà ṣubú títí ọdẹ yóò fi fà á. Bó bá ṣubú, á gbá kápù tó wà lórí òpó kékeré oníhò, iná á gba inú ihò náà lọ bá ẹ̀tù.

Bí òòlù bá ṣubú tí kápù kò dún, ó lè jẹ́ pé sípíríǹgì ti rẹ̀, tàbí pé orí òpó kékeré ti fẹ̀ débi pé kápù kò jókòó dáadáa mọ́. Bí kápù bá dún tí ẹ̀tù kò gbiná, ó lè jẹ́ pé èéfín tó gbẹ, dọ̀tí tàbí òróró ti dí ihò, tàbí pé ẹ̀tù ti rin. Abẹ́rẹ́ àti omi gbígbóná lè tó o ṣe, bí wọ́n bá gbẹ ẹ́ dáadáa lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú igbó ló ti ṣẹlẹ̀, kí ọdẹ má ṣe wo ẹnu ìbọn o! Iná lè ṣì máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Kó dojú ìbọn kọ ibi tí kò séèyàn, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú kan sí méjì.

Eyín tó jẹ ni àrùn tó le. Bí ìbọn bá ṣófo, alágbẹ̀dẹ á fa òòlù sẹ́yìn pátápátá, á fi àtàǹpàkò tì í láti ẹ̀yìn láìfọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń fà. Bó bá ṣubú, ìbọn yẹn lè dún bó bá kàn fara gbá igi. Fífi ayùn yún eyín náà kó lè mú nìkan kò tó. Bí irin ibẹ̀ bá rọ̀, kò ní pẹ́ tún jẹ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á rì í sínú èédú nínú ohun èlò tó ní ìdérí, á finá mọ́ ọn títí yóò fi pọ́n fún ìgbà pípẹ́, á sì jù ú sómi, kí ara rẹ̀ lè le.

Sípíríǹgì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Irin sípíríǹgì ọkọ̀ tó ti gbó dára fún un. Ṣùgbọ́n bí alágbẹ̀dẹ bá kàn mú un pọ́n tó sì kì í bọ òróró, tó fi mọ síbẹ̀, á ṣẹ́ bí àwo. Ó gbọ́dọ̀ tún fi iná díẹ̀ rọ̀ ọ́, títí ara irin tó ti dán yóò fi yí sí àwọ̀ aró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Ọ̀pá ìbọn nìkan ni kò ní oògùn. Èyí tó ti sán, tó wú, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀, jíjó o pọ̀ kò lè dá agbára rẹ̀ padà. Páìpù omi tí wọ́n sọ di ọ̀pá ìbọn náà kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí wọn kò rọ ọ́ fún agbára ẹ̀tù. Ẹ̀yìn kùlé ni kó ti parí ayé rẹ̀, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọdẹ.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1959, ka ìbọn ìlewọ́ mọ́ àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú. Ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà nílò ìwé àṣẹ, ìwé náà kì í sì í bá ìbọn lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á tàbí tó jogún rẹ̀. Òfin yìí kan náà fọwọ́ mú ẹni tó ń rọ ìbọn àti ẹni tó ń tún un ṣe.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ gba ìbọn àlòkù má kàn béèrè bóyá ó ń dún. Kó béèrè bóyá ó lè dákẹ́ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi ní kó sọ̀rọ̀.