Ẹ̀rọ Tí Ń Gbé Eruku Mì

Láàárọ̀, kí àwọn ọmọ tó lọ sí ilé ìwé, wọ́n máa ń gbálẹ̀. Wọ́n á mú ọwọ̀, wọ́n á gbá iwájú ilé, wọ́n á gbá ẹ̀yìn ilé. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, eruku á sọ. Á wọ ojú, á wọ imú. Àwọn kan á sín, àwọn kan á húkọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi máa ń ní kí ọmọ fi omi wọ́n ilẹ̀ kí ó tó gbá a.

Ṣùgbọ́n omi kò dára fún orí kápẹ́ẹ̀tì, ọwọ̀ nìkan kò sì tó o. Kápẹ́ẹ̀tì dà bí aṣọ tó nípọn, tó sì nírun. Eruku máa ń sá pamọ́ sí ìdí irun náà. Bí wọ́n bá fi ọwọ̀ gbá a, eruku díẹ̀ á kúrò, díẹ̀ á fò sókè, á tún padà balẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ní mọ́ṣáláṣí tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, àti ní àwọn ilé kan.

Ọkùnrin tí eruku ń dà láàmú

Ní ọdún 1901, ọkùnrin ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan, Hubert Cecil Booth, ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fa eruku. Ẹ̀rọ náà tóbi gan-an. Ẹṣin ni ó ń fà á láti ilé dé ilé. Kò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ojú títì ni ó máa ń dúró sí, wọ́n á sì na páìpù gígùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé.

Ní ìlú Canton, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ James Murray Spangler. Ó máa ń gbálẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá kan. Spangler ní àìsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn mí dáadáa. Bí ó bá ń gbálẹ̀, eruku á sọ, àyà rẹ̀ á fún, á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ni ó fi ń jẹun.

Ní ọdún 1907, ó dá ọgbọ́n kan. Ó mú ẹ̀rọ abẹ̀bẹ̀ oníná, àpótí kan, igi ọwọ̀ àti aṣọ ìrọ̀rí. Ó so gbogbo wọn pọ̀. Abẹ̀bẹ̀ ń fa eruku, aṣọ ìrọ̀rí ń gbà á sínú. Èèyàn kan ṣoṣo lè máa tì í kiri inú ilé. Ní ọdún 1908, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé pé òun ni ó ni ọgbọ́n náà.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Bí ọmọ bá fi ẹnu fa omi inú ọ̀rá, omi á wá sí ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yìí ń fa afẹ́fẹ́. Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí iná mànàmáná ń yí kíákíá. Ó ń lé afẹ́fẹ́ jáde lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ mìíràn á sáré gba ẹnu ẹ̀rọ wọlé, á sì gbé eruku, irun àti iyanrìn dání.

Àpò tàbí ike kan wà nínú ẹ̀rọ náà, asẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìyá bá ń sẹ́ ògì, omi ògì á kọjá, èérí á dúró. Nínú ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ni ó ń kọjá, eruku ni ó ń dúró.

Bí èérí bá pọ̀ jù lórí asẹ́, omi ògì kò ní lọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀rọ rí. Bí eruku bá kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà kọjá. Ẹ̀rọ á máa pariwo, ṣùgbọ́n kò ní gbálẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ṣa òkúta, ìṣó àti owó wẹ́wẹ́ kúrò nílẹ̀. Àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ ni yóò fi okùn ẹ̀rọ sí ojú iná lára ògiri. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa tì í lọ, wọ́n á máa fà á bọ̀, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún eruku gbígbẹ kò gbọ́dọ̀ fa omi. Kò sì gbọ́dọ̀ fa eérú tàbí èédú gbígbóná, torí iná lè ràn nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀

1. Kí wọ́n tó ṣí ẹ̀rọ, wọ́n á pa á, wọ́n á sì yọ okùn rẹ̀ kúrò lára ògiri. Orí okùn ni wọ́n ń dì mú, wọn kì í fa okùn náà.
2. Wọ́n á da eruku inú rẹ̀ nù ní ìta, jẹ́jẹ́, kí ó má baà fò. Bí ó bá jẹ́ àpò bébà, wọ́n á sọ ọ́ nù, wọ́n á fi tuntun sí i.
3. Wọ́n á gbọn asẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n lè fọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì jẹ́ kí ó gbẹ pátápátá kí wọ́n tó dá a padà.
4. Wọ́n á yọ irun àti òwú tó lọ́ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ.

Nígbà mìíràn, èèyàn á rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni ó kún. Bí wọ́n bá ti da eruku náà nù, á tún máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀rọ tí inú rẹ̀ mọ́ ni ó lè mú ilé mọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni eruku ń ṣe fún Spangler?
2. Kí ni ó fi ṣe àpò ẹ̀rọ rẹ̀?
3. Báwo ni asẹ́ ẹ̀rọ ṣe jọ asẹ́ ògì?
4. Kí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó ṣí ẹ̀rọ náà?