Bí Kíráísìsì Bá Gbé Dé

Fòníkú-fọ̀ladìde ni Yorùbá ń pe àìsàn ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC. Orúkọ náà bá a mu, nítorí ẹni tó ń joró lálẹ́ ọjọ́ Ajé lè wà ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara máa ń rí roboto, ó sì máa ń rọ̀. Bí ọ́síjìn bá dín kù nínú ti aláìsàn yìí, á le, á tẹ̀ bíi dòjé. Ohun tó tẹ̀ tó sì le kì í gba ojú tóóró kọjá wẹ́rẹ́. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí á há sínú iṣan kéékèèké, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè dé egungun, ìrora á bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni kíráísìsì. Ẹ̀yìn, àyà, itan tàbí apá ló sábà ń mú. Lára ọmọ ọwọ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń wú. James Herrick, oníṣègùn ìlú Chicago, ló kọ́kọ́ kọ nípa sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí nínú ìwé ìṣègùn ní 1910, àmọ́ kò sí àní-àní pé àwọn ìyá nílẹ̀ Yorùbá ti mọ ẹkún òru tí ìrora yìí ń fà ṣáájú rẹ̀.

Òǹgbẹ, òtútù, ibà, iṣẹ́ àṣekúdórógbó àti ìdààmú ọkàn wà lára ohun tó ń fà á. Nígbà mìíràn, kò sí ohun tí wọ́n rí pé ó fà á, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n máa sọ fún aláìsàn pé àfọwọ́fà ni. Omi ni kó máa mu káàkiri ọjọ́, kó má dúró de òǹgbẹ. Nígbà ọyẹ́, kó wọ aṣọ òtútù, kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Àwọn kan gbà pé ibà kì í pa ẹni tó jẹ́ SS, irọ́ ni. Ẹni tó jẹ́ AS, tí kò ní àìsàn yìí, ni ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí gbé ṣe. Abẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí SS máa sùn, kó sì máa lo oògùn ibà tí dókítà bá kọ fún un. Oògùn hydroxyurea ń dín kíráísìsì kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó gba kí dókítà máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Bí ìrora bá ti ń yọjú, kí aláìsàn sinmi, kó mu omi, kó lo paracetamol bó ṣe yẹ, láìdúró dìgbà tó bá le. Ibuprofen lè ṣe kíndìnrín léṣe, nítorí náà kí dókítà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ike omi gbígbóná tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé ń tu ojú ibi tó ń dunni lára. Yìnyín kò gbọdọ̀ kàn án, torí òtútù ń mú kí iṣan fún pọ̀ sí i. Ìrora ọ̀hún kò ṣeé fojú rí: ẹni tó ń tẹ fóònù, tó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì, lè wà nínú oró. Ohun tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni òṣùwọ̀n.

Ara tó gbóná dé 38°C, àyà dídùn, èémí tó ń há, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, nǹkan ọmọkùnrin tó le tí kò rọ̀ fún wákàtí 2, ìrora tí oògùn ilé kò ká: kò sí èyí tó yẹ kí wọ́n dúró kí ilẹ̀ mọ́ fún nínú wọn. Lóru náà ni kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn.